Búréèkì Tó Ń Ké

Ariwo pọ̀ nílé wa débi pé, bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ bà wá. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ tí Bàbá mi fi ń mọ búlọ́ọ̀kù ti máa ń mi ilẹ̀ lójú pópó, kẹ̀kẹ́ ìránṣọ ìyá mi á máa dá a lóhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, fèrè iléeṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé á dún nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń pààrọ̀ ara wọn, ohùn ìyá Bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, á sì borí gbogbo wọn: “Àṣàbí! Ṣé o ti bu omi sínú bùtà mi?” Èmi ni Àṣàbí. Mùlíká ni orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò fi orúkọ náà pè mí rí àfi tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí wọ́n ń kọ́ bíríìjì Ṣàngó ní Ọ̀tà lọ́wọ́, tí ẹni tó bá lọ ra ẹja ní Tóòlù-Géètì á padà dé bí ẹni tó ṣubú sínú èlùbọ́. Ọdún kejì mi ní sẹ́kọ́ńdìrì ni.

Ayálégbé wa ni Tíṣà Gbóyèga. Yàrá tó kángun sí kànga ló ń gbé, apá Ayétòrò ló ti wá, òun ló sì ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì nílé ìwé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, kò tíì láya, ó sì máa ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ bí ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kórìíra sáyẹ́ǹsì nígbà náà. N kò rí ohun tó kàn mí nínú kí òkúta máa já bọ́ láti òkè, kí èmi máa ṣírò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo kíláàsì wa rí, títí di ọjọ́ tí Tíṣà gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré rẹ̀ wá, tó sì fi fídíò eré ìje ọkọ̀ hàn wá. Àwọn ọkọ̀ náà pẹlẹbẹ bíi pé ẹnì kan jókòó lé wọn lórí. Sẹ́gun, tó jókòó tì mí, ń pariwo bí ẹni tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kan dé kọ́nà, Tíṣà dá fídíò náà dúró, ó ní, “Kí ló dé tí ọkọ̀ yìí ò fi fò wọ àárín èrò lọ?” Òun náà ló dáhùn. Ó ní, “Ohun tó bá ń lọ, bó ṣe ń lọ yẹn náà ló fẹ́ máa lọ. Kò fẹ́ yà, kò sì fẹ́ dúró. Táyà tó di ilẹ̀ mú ló ń fi tipátipá yà á. Eré sísá ò le, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ìdúró ló le.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kọ nǹkan sílẹ̀ ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì láìjẹ́ pé wọ́n fi pankẹ́rẹ́ dúró tì mí.

Ohun tí Tíṣà fẹ́ ṣe ni pé kí a fọwọ́ ara wa kan ọkọ̀ onípákó, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí yóò máa fi ìdàgẹ̀rẹ́ sáré, kí a sì fi bá ilé ìwé kan láti apá Ìjokò díje ní ìparí táàmù. Ọ̀gá ilé ìwé ní kò sí nínú ohun tí ìjọba ní kí wọ́n kọ́ wa, kí ó má kó pákó wọ inú ọgbà òun. Àgbàlá wa ló ṣẹ́kù. Ojú pópó tó wà níwájú ilé wa dà gẹ̀rẹ́ láti ẹnu géètì lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ó ti pàdé ọ̀nà tí àwọn tírélà iléeṣẹ́ ń gbà. Tíṣà wá bá Bàbá mi lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá mi rí i bó ṣe ń bọ̀, ó sì kó abọ́ ẹ̀wà kúrò nílẹ̀ kíákíá, nítorí ó ti mọ ohun tó bá wá, ó sì mọ ilé tó ń sọ ọ́ sí.

Ní ilé wa, a kì í sọ̀rọ̀ eré ọkọ̀. Gàníyù, àbúrò Bàbá mi, ló ń wa mọ́tò akérò láti Ṣàngó lọ sí Abẹ́òkúta, ojú ọ̀nà márosẹ̀ yẹn náà ló sì kú sí kí n tó mọ ojú ẹni. Àwọn tó gbé e wálé sọ fún Ìyá Àgbà pé àwọn gbọ́ bí búréèkì mọ́tò náà ṣe ké kí ó tó lọ rọ́ lu tírélà, pé igbe náà gùn, pé ó dà bí igbe ènìyàn. Wọn ì bá má sọ ọ́. Ní ti Bàbá mi, ohun tó gbà ni pé àṣejù ló pa àbúrò òun, pé ọmọ náà fẹ́ràn eré ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, ó sì bá òkú bínú débi pé kì í pe orúkọ rẹ̀. Bí Ìyá Àgbà bá ti dárúkọ Gàníyù níbi àdúrà, Bàbá mi á dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Lónìí tí èmi náà ti di ìyá ọmọ, mo mọ̀ pé ìbínú sàn fún un láti gbé ju ẹkún lọ.

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Níkẹyìn ó ní, “Tíṣà, ẹ máa kọ́ wọn. Ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀, mi ò ní sọ pé kó má kàwé. Àmọ́ bí ọmọ kan bá fara pa, àní bó ṣe awọ ara ló bó, ọjọ́ yẹn náà lẹ máa kó ẹrù yín kúrò nílé mi.” Tíṣà ní òun gbọ́, sà. Ó yá a lẹ́nu jù. Kò mọ ilé mìíràn ní gbogbo Ọ̀tà, kò sí ẹbí rẹ̀ kankan níbẹ̀, bó bá sì kó lọ, eré ìje náà ti parí nìyẹn. Ìyá Àgbà ń fi òrí pa orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún. “Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá,” ló kàn wí, ó sì bo igbá òrí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ojú mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jí, mo ní láti gbálẹ̀, kí n pọnmi, kí n bu ọṣẹ fún ìyá mi, ṣùgbọ́n etí mi wà lójú pópó. Lẹ́yìn ilé ìwé ni a máa ń pé jọ, a ó mu gàrí kíá, a ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tíṣà tọrọ búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ Bàbá mi. Ó gbé ẹyọ kan sórí pákó kan tó ti kan ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́, ó ní kí Sẹ́gun tì í, kí ó sì dá a dúró. Sẹ́gun ṣe é. Ó tún kó púpọ̀ lé e, ó ní kó tún tì í. Ó pẹ́ kó tó ṣípò, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí, Sẹ́gun na ọwọ́ láti dá a dúró, Tíṣà sì fà á lẹ́yìn aṣọ kúrò níwájú rẹ̀. Pákó náà lọ gbá ìdí igi. “Ṣé ẹ rí i? Ohun tó wúwo kì í tètè lọ, kì í sì í tètè dúró.” Kò sí ẹni tó ń wo pákó. Ojú gbogbo wa wà lára Bàbá mi, tó ti pa ẹ̀rọ rẹ̀, tó sì ń wo ọwọ́ Sẹ́gun láti òkèèrè. Ọwọ́ náà kò bó. Ó tan ẹ̀rọ padà. Bí a ṣe lo gbogbo táàmù náà nìyẹn: ọmọ kan á kọsẹ̀, gbogbo wa á dákẹ́, ẹ̀rọ á dákẹ́, a ó máa wo orúnkún ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀.

Ẹsẹ̀ bárò tó ti gbó ni a fi ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Okùn méjì ni a fi ń darí rẹ̀ níwájú. Lẹ́yìn, Tíṣà gé táyà àlòkù, ó kàn án mọ́ igi gbọọrọ kan. Bí ẹni tó jókòó bá fa igi náà, táyà àlòkù á fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á dúró. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, ó ké. Kíké rẹ̀ gba etí kan. Àwọn ọmọ fi ọwọ́ dí etí, Tíṣà sì ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. “Igbe yẹn gan-an ni mò ń wá! Táyà ń bá táyà jà. Ìjà yẹn ló ń jẹ eré ọkọ̀ tán. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fà á tí kò bá ké, kẹ́ ẹ yáa bẹ̀rù.” Ìyá Àgbà wà lórí ẹní rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń já ẹ̀fọ́. Mo rí i tó dìde pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ tútù lọ fún un, ó bi mí pé, “Ṣé bí yóò ṣe máa ké nìyẹn ní gbogbo ìgbà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà ló ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ohun tó ń sunkún kó tó kúrò nílé, kí ló fẹ́ lọ bá lọ́nà?” Kò jẹ ẹ̀kọ náà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ kí eré tó wáyé, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Bàbá mi pé òun ti fọwọ́ sí i, kìkì pé kò sí ohun tó ní ẹsẹ̀ tí yóò jáde nílé òun láìṣàdúrà sí i. Òótọ́ sì ni. Ní àdúgbò wa, bí ènìyàn bá ra ọ̀kadà lásán, Àlùfáà á kọ Kùránì sí wàláà, wọn á fi omi fọ̀ ọ́, wọn á sì wọ́n omi hàntú náà sí i lára. Láàárọ̀ Sátidé tí a fẹ́ díje, Àlùfáà dé, ó wọ́n ọn níwájú wa. Tíṣà, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ló ṣe “Àmín” tó dún jù. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Ìjokò dé ṣáájú àkókò pẹ̀lú ọkọ̀ tiwọn tí wọ́n kùn ní pupa, àwọn òbí ń pọ̀ sí i, Tíṣà ń sáré to dúrọ́ọ̀mù dí ìsàlẹ̀ ojú pópó kí ẹnikẹ́ni má bàa já sí ọ̀nà tírélà. Ó ti dán búréèkì wò nírọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀. Kò tún un dán wò.

Èmi ni mo jókòó sínú ọkọ̀ tiwa, nítorí èmi ni ọwọ́ mi dúró jù lórí okùn. Ìyá mi so híjáàbù mi mọ́ ẹ̀yìn ọrùn kí atẹ́gùn má fi dí mi lójú. Òórùn òrí ń bọ̀ lára pákó, ṣùgbọ́n gbogbo ilé wa ló ń rùn bẹ́ẹ̀, n kò kà á sí. Sẹ́gun tì mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ni ó ń lọ tí èmi sì dúró. Lẹ́yìn náà ni etí mi kún fún atẹ́gùn, n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kọjá ará Ìjokò. Mo kọjá ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà níwájú mọ́ṣáláṣí, mo ti gbégbá orókè, mo sì fa igi búréèkì. Kò ké. Mo tún fà á, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ara mi lẹ́yìn, mo fà á títí èjìká mi fi fẹ́ yọ. Ó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Dúrọ́ọ̀mù ń bọ̀. Lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, mo rí orí tírélà kan tó ń kọjá, ó ga, ó funfun.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Kò sí àyè fún un. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni fídíò ọjọ́ kìíní, níbi tí ọkọ̀ kan ti yà kúrò lójú ọ̀nà tó lọ rì sínú yanrìn, tí Tíṣà sì ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó o síbẹ̀ ni, pé yanrìn ló ń gba ọkọ̀ tí búréèkì rẹ̀ bá kọ̀. Òkìtì yanrìn búlọ́ọ̀kù Bàbá mi, tí wọ́n máa ń já sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, wà lápá òsì. Mo rántí pé bí mo bá fa okùn lójijì, ọkọ̀ á dà mí nù. Mo fà á díẹ̀díẹ̀, mo ń ka “Bísímíláì”, ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, ó wá yà. Nígbà tí mo la ojú, ẹnu mi kún fún yanrìn, apá mi ọ̀tún sì kọjú sí ibi tí apá kì í kọjú sí.

Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n to egungun, wọ́n di í. Kí a tó dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, èrò ti túká. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà padà sínú àgbàlá, Tíṣà sì lóṣòó tì í. Mo ń wò ó bí ìyá mi ṣe ń mú mi wọlé. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú táyà ẹ̀yìn, ó gbé e sí imú. Ó gbójú sókè wo ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà. Ó sì yọ háńkáṣíìfù rẹ̀, ó nu táyà náà, ó nu igi búréèkì, ó nù ún mọ́ tónítóní, ó ká háńkáṣíìfù náà sí àpò. Bàbá mi jáde sí i. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti ń gbé lọ́dọ̀ wa, “ẹ̀yin” ni Bàbá mi ń pè é nítorí ìwé tó kà. Lọ́jọ́ náà ó ní, “Gbóyèga, kí ni mo sọ fún ẹ?”

“Ẹ sọ fún mi, sà.”

“Ṣé o rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ṣé o rí ibi tí ọmọ mi fẹ́ wọ̀? Eré! Eré náà ló tún wá bá mi nílé!”

“Ẹ̀bi mi ni, sà. Mi ò dán búréèkì wò láàárọ̀. Mo yẹ kí n dán an wò.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi bẹ Bàbá mi, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, Bàbá mi ní ẹyin lohùn, tòun ti fọ́ ná. Tíṣà wọ yàrá rẹ̀, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń fa àpótí.

Wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà. Ó jókòó tì mí, ó bu òrí láti fi ra àwọn ìka tó yọ jáde níbi tí wọ́n di apá mi dé. Ó ní, “Kí ló ṣe ọkọ̀ náà, Àṣàbí?”

Mo ní, “Mo fa búréèkì, kò ké.”

“Kò ké?”

“Kò ké rárá, Ìyá Àgbà. Ó kàn ń yọ̀ ni.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tó ń dán, ó wò ó pẹ́, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ó dìde, ó ká ẹní rẹ̀, ó mú bùtà, ó mú tẹ̀súbáà, ó mú ìró rẹ̀ kan, ó sì jáde. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìdí kànga, ó tò ó ti ẹrù Tíṣà.

Bàbá mi sáré dé ibẹ̀. “Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Mò ń kó ẹrù mi. O ní ẹni tó bá fi eré yìí ṣe ọmọ léṣe, kó kúrò nílé ẹ. Èmi ni. Lẹ́yìn tí mo kírun àárọ̀ tán, mo mú òrí, mo fi pa gbogbo ibi tó ń ké lára nǹkan náà. Mo fẹ́ kó rọ̀. Mo fẹ́ kó dákẹ́, Lásísì. Mi ò lè gbọ́ igbe yẹn mọ́ nínú ayé mi.”

Bàbá mi dojú bolẹ̀ níbẹ̀, lórí ẹrẹ̀ ìdí kànga, pẹ̀lú aṣọ funfun tó fi lọ sí ọsibítù. Ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan, Tíṣà ò lọ, Ìyá Àgbà náà ò lọ, kí wọ́n forí jin òun. Tíṣà ti gbé àpótí sílẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ló yẹ kí n tún un dán wò.” Ọkọ̀ wa ni Ìyá Àgbà ń wò. Ó gbé ọwọ́ lé igi búréèkì náà, ó ní, “Tíṣà. O sọ fún àwọn ọmọ pé táyà ń bá táyà jà ni, òun ló fi ń ké.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Bí kò bá sí ẹni tó fà á, ṣé yóò ké?”

“Kò lè ké, Màmá. Àfi tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́.”

“Mọ́tò Gàníyù ké. Wọ́n ní ó pẹ́ tó ń ké.”

Tíṣà gbọ́ ohun tó ń bi í. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, onírẹ̀lẹ̀ ọkùnrin, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ó ń tẹ̀ ẹ́, Màmá. Bó bá pẹ́ tó ń ké, a jẹ́ pé ó tẹ̀ ẹ́ títí dé òpin. Kò fi í sílẹ̀.”

“Ó fẹ́ dúró.”

“Ó fẹ́ dúró, Màmá.”

Ìyá Àgbà yíjú sí àkọ́bí rẹ̀ tó wà nílẹ̀. “Lásísì, ṣé o gbọ́? Àbúrò ẹ fẹ́ wálé.”

Bàbá mi kò gbé orí sókè. Ó pe Gàníyù lórúkọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sínú ẹrẹ̀ yẹn, ó sì bú sẹ́kún.